Ibi Tí Tiransísítọ̀ Dúró Sí: Bí Olùyẹ̀wò Páténtì Ṣe Ń Ka Ìtò Sákíìtì Inú Sikirínì

Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Fóònù OLED kan (OLED ni sikirínì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀) tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1080 ní ìbú àti 2400 ní òró, tí píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì bí ọ̀pọ̀ fóònù OLED ṣe máa ń rí, ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 5,184,000. Tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá ń lo tiransísítọ̀ méje, ìyẹn súìṣì iná kéékèèké méje, tiransísítọ̀ 36,288,000 ló wà lẹ́yìn gíláàsì tí ẹ fi ń wo WhatsApp.

Sákíìtì tó ń tan ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 7T1C, ìyẹn tiransísítọ̀ méje àti kapásítọ̀ kan tó ń tọ́jú iná, kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni mọ́. Samsung Display mọ̀ ọ́n, LG Display mọ̀ ọ́n, BOE àti Tianma náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìjà ti kúrò lórí sákíìtì fúnra rẹ̀, ó ti bọ́ sórí bí wọ́n ṣe tò ó: wáyà wo ló gba orí èwo kọjá, irin wo ló bo èwo, ihò ìsopọ̀ wo ló wà ní ẹ̀gbẹ́ wo. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùyẹ̀wò ti le. Kò ní fún yín ní páténtì torí pé ẹ gbé irin kan kúrò ní apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ó fẹ́ mọ ohun tí ipò tuntun yẹn ń ṣe fún iná tó ń kọjá, ó sì fẹ́ rí i nínú kíléèmù, ìyẹn apá ìwé páténtì tó ń sọ ohun tí ẹ ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí, kì í ṣe nínú àlàyé nìkan. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ páténtì Amẹ́ríkà, USPTO, tó wà ní Alexandria ní ìpínlẹ̀ Virginia. N ó fẹnu kan Yúróòpù, n ó sì dé Àbújá.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kíá, torí àwọn lọ́yà pàápàá máa ń dà á pọ̀. Amẹ́ríkà ní òfin kan láti ọdún 1984 tó ń dáàbò bo àwòrán ìtò inú ṣípù fún ọdún 10, kí ẹlòmíràn má baà ya àwòrán náà bó ṣe wà. Ẹ̀tọ́ àìdàkọ ni ìyẹn. Kò béèrè bóyá èrò tuntun ló wà níbẹ̀. Páténtì ní tirẹ̀ ń lọ fún ọdún 20 láti ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀, èrò ló sì ń dáàbò bò. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìtò tirẹ̀ láìwo ti ẹnikẹ́ni ṣì lè tẹ páténtì ẹlòmíràn lójú. Èyí tó kàn wá lónìí ni páténtì.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú píksẹ́lì OLED láti ìsàlẹ̀. Orí gíláàsì tàbí polyimide, irú ike kan, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ìpele ààbò kan, wọ́n á tẹ́ silicon lé e, wọ́n á fi lésà yọ́ silicon náà kó lè di kírísítálì, wọ́n á sì gé e di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ́ kọrọ-kọ̀rọ̀. Ìpele adènà-iná ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà irin gate àkọ́kọ́, tó sábà máa ń jẹ́ molybdenum (gate ni ẹnu ọ̀nà tó ń tan tiransísítọ̀ tàbí tó ń pa á). Adènà-iná mìíràn, irin gate kejì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú òkè kapásítọ̀. Adènà-iná lẹ́ẹ̀kan sí i, kí irin source àti drain, ìyẹn ẹsẹ̀ méjèèjì tí iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde lára tiransísítọ̀, tó bọ́ sí i, titanium lókè, aluminium láàárín, titanium nísàlẹ̀. Ìpele tó ń mú ilẹ̀ tẹ́jú á bo ìyẹn, nígbà mìíràn irin source-drain kejì á tún gorí rẹ̀, kí wọ́n tó wá dé anode tí ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde jókòó lé.

Òfin kan wà nínú ìtò yìí tí kò gba àwáwí: ibikíbi tí irin gate bá ti gba orí ọ̀já silicon kọjá, tiransísítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, yálà ẹ fẹ́ ẹ tàbí ẹ kò fẹ́. Ọ̀já silicon kan ṣoṣo ló ń so ọ̀pọ̀ nínú tiransísítọ̀ méjèèje pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá láìbí tiransísítọ̀ tí ẹ kò pè, ẹ gbọ́dọ̀ gun ihò ìsopọ̀ lọ sí irin òkè, kí ẹ gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ tún sọ̀kalẹ̀. Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ àyè. Àyè yìí ló ń bí ìhùmọ̀.

T1 ni tiransísítọ̀ tó ń wa ìmọ́lẹ̀. Iná tó ń gbà á kọjá ń tẹ̀ lé ìlọ́po ara (square) ìyàtọ̀ tó wà láàárín fóltéèjì gate-sí-source rẹ̀ àti fóltéèjì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Vth. Ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ náà lọ́nà ìyàtọ̀ náà. Lésà kì í yọ́ silicon dọ́gba, nítorí náà Vth T1 kan kì í bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ká ní ìyàtọ̀ yẹn yẹ kó jẹ́ fólítì 1, tí Vth sì fi fólítì 0.1 ga jù: 0.9 lọ́nà 0.9 jẹ́ 0.81. Ìmọ́lẹ̀ ti fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ojú á sì rí i bí àbàwọ́n. Ìdí tí T3 fi wà nìyẹn: ó ń so gate T1 mọ́ drain rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí kapásítọ̀ lè ka Vth kó sì tọ́jú rẹ̀.

Oríkèé, ìyẹn ojú ìpàdé wáyà, tí gate T1 wà ni ibi tó gbẹgẹ́ jù lọ nínú gbogbo pánẹ́ẹ̀lì. Tí ojú fóònù bá ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, oríkèé yẹn gbọ́dọ̀ di fóltéèjì mú fún nǹkan bíi 16.7 mílísẹ́kọ́ǹdù láìjẹ́ kó jò. Iná ń gba T3 àti T4, èyí tó ń dá gate T1 padà sí fóltéèjì ìbẹ̀rẹ̀ ṣáájú àwòrán tuntun, jò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe àwọn méjèèjì ní gate méjì-méjì, tàbí kí wọ́n yọ silicon kúrò níbẹ̀ kí wọ́n fi IGZO (àdàpọ̀ indium, gallium, zinc àti ọ́síjìn) rọ́pò, èyí tí jíjò rẹ̀ kéré gan-an. Àdàpọ̀ silicon àti IGZO yìí ni wọ́n ń pè ní LTPO. Ewu kejì ni wáyà dátà, èyí tó ń gbé iye ìmọ́lẹ̀ wá fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé náà. Fóltéèjì wáyà dátà ń yí padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kapásítọ̀ àìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì á sì máa ti gate T1 síwá-sẹ́yìn. Ẹ ó rí òjìji àwòrán kan tó ń fà lọ sókè àti sísàlẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ọ̀nà àbáyọ tó wọ́pọ̀ ni irin ìdáàbòbò: ẹ gba irin kan tí fóltéèjì rẹ̀ kì í yí padà, ẹ fi sí àárín wọn.

Ojú òkè kapásítọ̀ ń kọ́? Ó bo gate T1 mọ́lẹ̀, síbẹ̀ irin ìsopọ̀ láti T3 gbọ́dọ̀ dé gate náà. Wọ́n á wá lu ihò sí ojú òkè kapásítọ̀ kí ihò ìsopọ̀ lè gba àárín rẹ̀. Kí etí ihò ńlá jìnnà tó sí etí ihò kékeré, kí másìkì (àwo tí wọ́n fi ń ya ìtò sórí gíláàsì) tó yẹ̀ díẹ̀ má sì mú kí irin méjèèjì kan ara wọn: ọ̀pọ̀ kíléèmù ló wà lórí ihò kan ṣoṣo yìí.

LCD, sikirínì tó ń lo kírísítálì olómi (LC), rọrùn ju OLED lọ ní iye tiransísítọ̀, tiransísítọ̀ kan fún ẹyọ kan, ṣùgbọ́n òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí gate bá kú, fóltéèjì píksẹ́lì á já wálẹ̀ lójijì. Bí ẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀ rèé: ẹ mú kapásítọ̀ àárín gate àti drain, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí fóltéèjì gate fi yí padà, kí ẹ fi àpapọ̀ kapásítọ̀ yẹn, ti LC àti ti ìpamọ́ pín in. Fún àpẹẹrẹ, 0.02 pF, 0.2 pF àti 0.2 pF, pẹ̀lú fólítì 30: èsì jẹ́ nǹkan bíi fólítì 1.43. Ká wá ní másìkì yẹ̀ díẹ̀, tí 0.02 di 0.025: ó ti di 1.76. Ibi tí ìtẹ̀ másìkì kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ á hàn bí ìlà lójú sikirínì, torí pé ìyẹ̀ ọ̀tún kò bá ìyẹ̀ òsì mu. Ìtò tó wo èyí sàn ni èyí tó jẹ́ kí drain yọ kọjá etí gate ní ìhà méjèèjì: bí ìhà kan bá pàdánù, ìhà kejì á jèrè, àpapọ̀ á sì wà bákan náà. Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, torí irú rẹ̀ gan-an ni olùyẹ̀wò ń wá: ipò tó ń ṣe iṣẹ́ tí a lè wọ̀n.

Ó yá, ká wá jókòó sí àga olùyẹ̀wò. Kíléèmù ni sọ́fè ilẹ̀ yín. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ẹ kò rà á. Ká ní lọ́yà kan kọ báyìí: «Ẹ̀rọ ìṣàfihàn tó ní tiransísítọ̀ awakọ̀, wáyà dátà, irin ìsopọ̀ tó so mọ́ gate tiransísítọ̀ awakọ̀ náà, àti irin ìdáàbòbò tó wà láàárín wáyà dátà àti irin ìsopọ̀, tó ń gba fóltéèjì tí kì í yí padà.» Létí ẹni tó kọ ọ́, ó mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n òfin ní kí olùyẹ̀wò fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tó gbòòrò jù lọ tí ó ṣì bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú àlàyé inú ìwé náà.

«Wà láàárín» lójú àwòrán òkè, tí a ń wo pánẹ́ẹ̀lì láti orí rẹ̀, ni, àbí lójú àwòrán ìgé, níbi tí a ti la pánẹ́ẹ̀lì láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí a ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Kíléèmù kò sọ. Nítorí náà, ìwé àtijọ́, ìyẹn ìwé tó ti jáde ṣáájú tiyín, tí wáyà dátà rẹ̀ wà lókè pátápátá, tí irin ìsopọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí wáyà ELVDD (èyí tó ń gbé iná wá fún píksẹ́lì) fífẹ̀ kan sì là wọ́n láàárín, ti pa á. Fóltéèjì tí kì í yí padà? ELVDD jẹ́ bẹ́ẹ̀, wáyà Vint tí wọ́n fi ń fọ píksẹ́lì náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò lè mú èyíkéyìí. «So mọ́» tún wà níbẹ̀: bí ó bá gba inú tiransísítọ̀ mìíràn kọjá ńkọ́? Tí ẹ kò bá kọ «tààrà», ó so mọ́ ọn náà nìyẹn. «Bò» túmọ̀ sí kí igun kan tó fẹ̀ tó máíkrómítà kan bo èkejì, ó tó. «Ìpele kan náà» ló burú jù nínú wọn, torí àwọn kan ń lò ó fún ohun tí a gé láti inú fíìmù kan náà, àwọn mìíràn fún ohun tó jókòó lórí adènà-iná kan náà, bí wọn kì í tilẹ̀ ṣe irin kan náà. Ẹ sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn nínú àlàyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wíwá ìwé àtijọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ojú ló ń ṣe é ju ọ̀rọ̀ lọ. Ohun kan náà ni ìwé kan á pè ní irin ìsopọ̀, òmíràn á pè é ní afárá, ẹ̀kẹta á pè é ní irin oríkèé, tí ìtumọ̀ ẹ̀rọ láti èdè Ṣáínà tàbí Kòríà á sì tún so orúkọ kẹrin mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ nìkan wá a yóò pàdánù ìdajì. Nọ́ḿbà ìpín CPC, ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ páténtì fi ń to ìwé sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀: H10K 59/131 fún wáyà inú OLED, H10K 59/1213 fún tiransísítọ̀ rẹ̀, 59/1216 fún kapásítọ̀, G09G 3/3233 fún sákíìtì píksẹ́lì tó ń darí iná. Fún LCD, G02F 1/1362 àti 1/1368. Tí ẹ bá rí H01L 27/3276 lára ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú 2023, H10K 59/131 ló rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán òkè ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìrísí ọ̀já silicon. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn á fi ìwò kan mọ ilé iṣẹ́ tó yà á.

Àwòrán yìí kan náà ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Ní ilé ẹjọ́ Federal Circuit, tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn páténtì ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ Hockerson-Halberstadt, wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé àwòrán páténtì kì í ṣe ẹ̀rí ìwọ̀n tí ìwé náà kò bá sọ pé a yà á sí ìwọ̀n. Ìyẹn ni pé olùyẹ̀wò lè sọ pé irin A bo irin B nínú Àwòrán 5, torí ó hàn gbangba. Kò gbọ́dọ̀ gbé rúlà lé Àwòrán 5 kó ní ìbú A jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú B. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú òfin yìí. Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni: bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá kọ ìwọ̀n kankan sínú àlàyé, ẹ kò lè sá padà sí àwòrán yín lọ́dún kejì kí ẹ sọ pé «ṣé ẹ rí i, ìlọ́po méjì ni».

Ká ní kíléèmù yín ti la ti tuntun já, kò sí ìwé kan ṣoṣo tó ní gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè abala 103 òfin páténtì Amẹ́ríkà ló kù: ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kò ní ronú débẹ̀ fúnra rẹ̀? Ní ibí ni olùyẹ̀wò ti máa ń fa ẹjọ́ Japikse ti ọdún 1950 yọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ hàídírọ́líìkì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Oníhùmọ̀ gbé súìṣì ìbẹ̀rẹ̀ sí ibòmíràn, ilé ẹjọ́ sì ní gbígbé e síbẹ̀ kò yí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, nítorí náà kò sí páténtì níbẹ̀. Nínú ìtò píksẹ́lì, gbogbo nǹkan ló jọ súìṣì Japikse lójú olùyẹ̀wò tó ń kánjú. Ìdáhùn wà nínú ẹjọ́ Ex parte Chicago Rawhide ti ọdún 1984: pé oníṣẹ́ lè gbé e kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi máa gbé e. Ẹjọ́ KSR ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ní ọdún 2007 mú kí ìdí yẹn rọrùn láti rí, nítorí ó gba ọgbọ́n orí lásán láàyè, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ṣì gbọ́dọ̀ kọ ìdí náà sílẹ̀.

Ẹ má ṣe dá a lóhùn pẹ̀lú «ipò wa yàtọ̀». Ẹ mú nọ́ḿbà wá. Ẹ ní: nígbà tí irin ìdáàbòbò wà níbi tí ìwé àtijọ́ fi í sí, kapásítọ̀ àìfẹ́ jẹ́ iye báyìí, níbi tiwa, ó jẹ́ iye báyìí, ìyípadà ìmọ́lẹ̀ sì kúrò ní báyìí sí báyìí. Bí nọ́ḿbà náà kò bá sí nínú ìwé tí ẹ fi sílẹ̀, òfin gbà yín láàyè láti fi ìwé ìbúra onímọ̀ ẹ̀rọ ránṣẹ́ lábẹ́ 37 CFR 1.132. Kí ẹ sì rí i pé ohun tí ẹ wọ̀n bá ohun tí kíléèmù ń béèrè dọ́gba. Tí ẹ bá wọ̀n irin ìdáàbòbò tó bo gbogbo gígùn oríkèé, tí kíléèmù sì kàn ní «bò», nọ́ḿbà yín kò gbe kíléèmù yín.

Ìdáhùn kan tún wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ràn: pé kò sí àyè. Wọ́n á ní bí ẹ bá gbé irin ìdáàbòbò ìwé kejì sínú ìpele irin ìwé àkọ́kọ́, á kan wáyà dátà, pánẹ́ẹ̀lì á jóná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Láti ìgbà ẹjọ́ Keller ní ọdún 1981 ni wọ́n ti ń sọ pé kì í ṣe gbígbé ẹ̀yà ara kan wọ inú èkejì ni ìbéèrè, bí kò ṣe ohun tí ìwé méjèèjì kọ́ oníṣẹ́. Ẹ fi hàn pé ìwé àkọ́kọ́ ní ìdí kan tó fi yọ ipò yẹn sílẹ̀, bíi pé ó fẹ́ dín kapásítọ̀ wáyà dátà kù kí dátà lè tètè dé, tí irin tuntun náà á sì ba ète yẹn jẹ́. Ìyẹn ló ń wọ olùyẹ̀wò lọ́kàn.

Àwọn àṣìṣe abala 112, èyí tó ní kí kíléèmù àti àlàyé yé kedere, kò gba àkókò púpọ̀. «Irin kejì náà» nígbà tí kò sí irin kejì kankan tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú kíléèmù tí kò sí nínú àwòrán kankan. Àwòrán òkè tó kún fún ìlà débi pé nọ́ḿbà 131 àti 137 ń tọ́ka sí ohun kan náà. Ẹ ya ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kẹ́ẹ tó tò wọ́n lé ara wọn.

Tí ìwé yín bá ní oríṣi ìtò mẹ́wàá, olùyẹ̀wò lè ní kí ẹ yan ọ̀kan kó tó wá ohunkóhun. Oṣù 2 ni fún ìdáhùn yẹn. Ìdáhùn sí ìwé àtakò gidi jẹ́ oṣù 3, ẹ sì lè san owó kó di oṣù 6, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìwé ìkẹyìn, ó kù sí owó fún àyẹ̀wò tó ń tẹ̀ síwájú, tàbí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níwájú PTAB, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ inú USPTO.

Yúróòpù le ju Amẹ́ríkà lọ ní ibì kan: àfikún. Àpilẹ̀kọ 123(2) àdéhùn páténtì Yúróòpù kò jẹ́ kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo láti inú àwòrán òkè kí ẹ fi kún kíléèmù, kí ẹ sì fi àwọn tó rọ̀ mọ́ ọn sílẹ̀. Tí Àwòrán 7 bá fi hàn pé irin ìdáàbòbò ní ihò, tí ihò náà sì wà níbẹ̀ torí ihò ìsopọ̀ kan, ẹ mú méjèèjì tàbí kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, àyàfi tí àlàyé bá sọ pé wọ́n lè pínyà.

Àbújá wá ńkọ́? Òfin Patents and Designs Act ti Nàìjíríà, abala 4, kò ní kí ilé iṣẹ́ náà yẹ ìhùmọ̀ wò bóyá ó jẹ́ tuntun. Wọ́n ń wo bóyá ìwé pé, owó pé. Tí ó bá pé, wọ́n á fúnni, òfin náà sì sọ ọ́ kedere pé ewu ẹni tó gbà á ni, kò sí ìdánilójú pé páténtì náà dúró. Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ìjà bá dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ wa tó bá fi ìtò kan sílẹ̀ ní Àbújá ní oṣù 12 láti gbé e lọ sí Amẹ́ríkà tàbí sí PCT, àdéhùn páténtì àgbáyé tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2005, kó sì ṣì máa lo ọjọ́ Àbújá. Bí ó bá gba ọ̀nà PCT, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ wá ìwé àtijọ́ sí i. Ìwé Àbújá sì ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́n ní Alexandria: ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò ní jẹ èrè ọjọ́ Àbújá. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀: àwòrán òkè ìpele kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán àwòrán ìgé kan níbi tí irin tuntun ti pàdé oríkèé T1, ìbú àti àlàfo ní máíkrómítà pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, àti kapásítọ̀ tí ẹ ṣírò fún ìtò yín àti fún èyí tó wà tẹ́lẹ̀.